Ẹjọ́ tí kì í dé ibi ìdájọ́: bí wọ́n ṣe ń fi ọlọ́pàá àti kóòtù dá ajàfẹ́tọ̀ọ́ lágara

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Èkìtì wọ Èkó, wọ́n mú agbẹjọ́rò Délé Fárótìmí, wọ́n sì gbé e lọ sí Adó-Èkìtì. Ìwé kan ló kọ nípa ètò ìdájọ́ ilẹ̀ wa, àgbà agbẹjọ́rò Afẹ́ Babalọlá sì ní ó fi ìwé náà ba òun lórúkọ jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ Májísíréètì pẹ̀lú ẹ̀sùn 16. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ nínú ìlú kan náà, pẹ̀lú ẹ̀sùn 12 mìíràn lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára. Ilé ẹjọ́ gíga fún un ní béèlì 50 mílíọ̀nù náírà, àmọ́ kò lè jáde, torí ẹjọ́ Májísíréètì ṣì dì í mú. Ogúnjọ́ oṣù náà ni Májísíréètì tó fún un ní béèlì tirẹ̀, 30 mílíọ̀nù náírà. Ọ̀la ni Kérésìmesì nígbà tó jáde. Nígbà tí oṣù Kìíní 2025 ń parí lọ, Ọọ̀ni Ifẹ̀ àti àwọn ọba mìíràn bẹ̀bẹ̀, Babalọlá gbà láti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹjọ́ sì tú ká. Kò sí adájọ́ tó sọ pé Fárótìmí jẹ̀bi, kò sì sí èyí tó sọ pé kò jẹ̀bi.

Lásìkò yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, nínú ọkọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀: bí ọkùnrin yìí bá jẹ̀bi, kí ló dé tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀? Bí kò bá sì jẹ̀bi, kí ló gbé e dé ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ohun tó ń rú wa lójú níbẹ̀ ni pé a gbà pé gbogbo ẹni tó bá gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ìdájọ́ ló ń wá. Ẹjọ́ kan wà tí ìdájọ́ kì í ṣe dandan nínú rẹ̀. Ìrìn ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ ni ìyà: mímú, àtìmọ́lé, béèlì tó wúwo, ọjọ́ tí wọ́n ń sún síwájú, owó agbẹjọ́rò, ọ̀nà jíjìn. Kí adájọ́ tó la ẹnu sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ti jìyà tán.

Mi ò sọ ẹni tó jàre nínú ọ̀rọ̀ ìwé yẹn o. Kóòtù ló yẹ kó sọ ìyẹn fún wa, ọ̀rọ̀ náà kò sì dé ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bà lórúkọ jẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Àmọ́ ọ̀nà wà fún un láti pẹjọ́ tako ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kí adájọ́ wo ẹ̀rí, kí ó sì pàṣẹ owó gbà-má-bínú bí ó bá tọ́. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í sun àtìmọ́lé. Ìgbà tí ọlọ́pàá bá wọ ọ̀rọ̀ orúkọ ẹni ni nǹkan máa ń yí padà.

Ta tilẹ̀ ni à ń pè ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn? Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó ní ọ́fíìsì ni, tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tó sì ní káàdì lọ́rùn. Ìkéde tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá 1998 kò wo orúkọ oyè. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ló wò. Ìyálọ́jà tó ń béèrè ibi tí owó àtúnṣe ọjà wọlé sí wà níbẹ̀. Akọ̀ròyìn tó tú àṣírí kọ́ńtíráàtì tí wọ́n gbowó rẹ̀ tí wọn kò ṣe é wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó fi fóònù ya fídíò ọlọ́pàá tó ń gba rìbá lójú pópó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti alága àdúgbò tó ní kí wọ́n má wó ilé aláìní láìsí àṣẹ kóòtù. Bí wọn kò bá ti lo ipá, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni gbogbo wọn.

Láyé ìjọba ológun, wọn kò nílò kóòtù láti fi dẹ́rù ba irú àwọn èèyàn báyìí. Òfin Kejì tí wọ́n gbé jáde ní 1984 jẹ́ kí ìjọba máa ti èèyàn mọ́lé láìfi ẹ̀sùn kankan kàn án, ó sì dí ẹnu kóòtù pa: adájọ́ kò gbọdọ̀ béèrè ìdí. Léraléra ni wọ́n ti agbẹjọ́rò ajàfẹ́tọ̀ọ́ Gàní Fáwẹ̀hìnmí mọ́lé láyé ìjọba ológun. Ní 1989, ọgbà ẹ̀wọ̀n Gashua ni wọ́n gbé e lọ, lókè lọ́hùn-ún nítòsí ilẹ̀ Niger. Ẹ wo máàpù kí ẹ fi ìka tọ́ Èkó, kí ẹ wá tọ́ Gashua. Agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ rí i níbẹ̀ á ti lo ọjọ́ lójú ọ̀nà, ìyàwó tó fẹ́ gbé oúnjẹ lọ kò sì ní lè lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀nà jíjìn yẹn wà lára ìyà.

Ní 1992, ìjọba Babangida dá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n mú Gàní, Beko Ransome-Kuti, Fẹ́mi Fálànà àtàwọn mìíràn, wọ́n kó wọn lọ sí Gwagwalada nítòsí Àbújá, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba kàn wọ́n níwájú Májísíréètì. Ẹjọ́ yẹn náà kò dé ibi ìdájọ́. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹ lè rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024 kì í ṣe àrà tuntun. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba alágbádá kò ní Òfin Kejì lọ́wọ́ mọ́. Kóòtù nìkan ló kù tí wọ́n lè gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí ìdẹ́rùbà òde òní fi máa ń wọ aṣọ dúdú àti wíìgì funfun.

Kí ni òfin wá sọ? Abala 35 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá yàn láàyò. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, lákọsílẹ̀, ní èdè tó gbọ́. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ mọ̀ pé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kò sí tẹ́ṣàn tó jìnnà tó kìlómítà 40 sí kóòtù. Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́pàá bá ní “ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́” lọ́jọ́ kẹrin, òfin ti wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Àwọn tó ń lo ọgbọ́n yìí mọ òfin náà dáadáa, wọ́n sì mọ ibi tí ihò rẹ̀ wà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́ mú èèyàn. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ bá ti kọjá, adájọ́ ti relé, ọjọ́ Ajé ló di kóòtù. Ihò kejì ni àṣẹ àhámọ́. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ACJA, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ náà ti ṣe irú rẹ̀, gba ọlọ́pàá láyè láti tọ Májísíréètì lọ kí ó fún wọn ní ọjọ́ 14 láti fi ẹni tí wọ́n mú pamọ́, kí wọ́n tún gba 14 mìíràn lé e. Májísíréètì tó fọwọ́ sí i lè máà ní agbára rárá láti gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ń sọ. Wọn kò wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìdájọ́, ìbuwọ́lùwé ni wọ́n wá gbà. Àwọn tó ṣe òfin yẹn ní i lọ́kàn pé yóò dín àtìmọ́lé kù, torí pé adájọ́ ló ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ bí ọwọ́ adájọ́ bá fúyẹ́, ilẹ̀kùn náà kò tì.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ohun kékeré: ìwé ẹ̀sùn kan, pẹ̀tísọ̀n tí à ń sọ yìí. Ẹni tó lówó tàbí tó wà nípò kọ ọ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ni ìpè á dé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kàn wá dá wa lóhùn lórí ọ̀rọ̀ kan.” Mo ti sin aládùúgbò mi kan lọ sí irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí. Olórí ayálégbé ni, òun ló ń ṣáájú wọn nínú ìjà owó iná tí onílé ń gbà láì san án. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la débẹ̀. Wọ́n ní kí a jókòó. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan títí di aago mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi í: “Bàbá, ṣé ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni?” Wọ́n ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó padà lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kí ó jáwọ́. Wọn kò tì í mọ́lé rí, wọn kò fi ọwọ́ kàn án, síbẹ̀ wọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Òfin sọ kedere pé ọ̀rọ̀ àdéhùn tàbí gbèsè kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. ACJA sọ ọ́, òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì tún un sọ. Ó tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá wá ọmọ tí wọn kò rí i, tí wọ́n wá gbé ìyá rẹ̀, ìwà àìtọ́ ni, bó ti wù kí ó wọ́pọ̀ tó.

Ẹjọ́ Ọmọ́yẹlé Ṣóworẹ́, akọ̀ròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́, ló jẹ́ kí èmi fúnra mi mọ bí ẹjọ́ ṣe lè gùn tó láìní ìdí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ 2019, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS mú un ní Èkó, ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìwọ́de tó pè. Wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, wọ́n béèrè fún ọjọ́ 90 láti fi tì í mọ́lé. Adájọ́ fún wọn ní 45. Nígbà tí 45 pé, adájọ́ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Wọn kò tú u sílẹ̀. Wọ́n wá fi ẹ̀sùn méje kàn án: ìdìtẹ̀ sí ìjọba, bíbú Ààrẹ, àti gbígbé owó kọjá lọ́nà tí kò bófin mu. Ilé ẹjọ́ mìíràn fún un ní béèlì 100 mílíọ̀nù náírà, wọ́n sì dín in kù lẹ́yìn náà. Síbẹ̀ wọn kò tú u sílẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ló tó jáde, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, nínú kóòtù, wọ́n tún fẹ́ gbé e, àwọn èèyàn dà bo ara wọn lórí àga, gbogbo ayé sì rí fídíò rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ni wọ́n tún tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ó ku èyí tó burú jù. Lára béèlì rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní Àbújá. Kì í ṣe Àbújá ni ilé rẹ̀ wà. Ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ọdún ń gorí ọdún, ẹjọ́ kò lọ síwájú, kò sì lè relé. Ní oṣù Kejì 2024, ìjọba fúnra rẹ̀ fa ẹ̀sùn náà padà. Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀. Bí ìdìtẹ̀ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn. Bí kò bá sí, ta ni yóò dá ọdún wọ̀nyẹn padà fún àwọn ọmọ rẹ̀? Ní 2025, wọ́n tún gbé e lọ sí kóòtù, lórí ọ̀rọ̀ tó kọ nípa Ààrẹ Tinúbú lórí ayélujára.

Ọ̀rọ̀ béèlì yìí ló ń dùn mí jù. A máa ń rí àkọlé lára ògiri tẹ́ṣàn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, òótọ́ sì ni, ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Nínú kóòtù, ohun tí béèlì wà fún ni pé kí olùjẹ́jọ́ padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Òfin sọ pé kò gbọdọ̀ ju agbára lọ. Ṣùgbọ́n adájọ́ lè sọ pé kí onídùúró ní ilé sí ìlú báyìí, kí ó mú ìwé ilé rẹ̀ wá, kí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ipò kan pàtó. Ẹni tí wọ́n gbé láti Èkó lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, níbo ló ti máa rí onídùúró tó ní ilé níbẹ̀? Wọ́n ti fún un ní béèlì lórí ìwé, ó sì tún sùn sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ rántí pé ACJA sọ pé wọn kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé obìnrin ni. Wọ́n ṣì ń lé àwọn ìyá padà lẹ́nu ọ̀nà títí di òní.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n mú nínú ìwọ́de ebi oṣù Kẹjọ 2024. Nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n gbé èèyàn mẹ́wàá lọ sí kóòtù ní Àbújá pẹ̀lú ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, ẹ̀sùn tí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀. Béèlì wọn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, wọ́n kó àwọn 76 mìíràn wá. Ọmọdé wà nínú wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n ti wà ní àtìmọ́lé láti oṣù Kẹjọ. Ebi ti hàn lójú wọn débi pé mélòó kan ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Àwọn náà, mílíọ̀nù mẹ́wàá ni béèlì wọn. Ìwọ́de ebi ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú wọn o. Fídíò yẹn tàn ká, ariwo sọ, Ààrẹ ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù náà ni ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ tó lè pa èèyàn sì pòórá. Ẹ̀sùn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó lè pòórá láàárín ọjọ́ márùn-ún. Bó ṣe lọ wẹ́rẹ́ yẹn ti sọ bó ṣe wúwo tó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun èlò tí wọ́n fẹ́ràn jù báyìí ni òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára. Nítorí àwọn onígbájúẹ̀ àti àwọn tó ń jalè owó báńkì ni wọ́n ṣe ṣe é ní 2015. Àmọ́ abala 24 inú rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó “ń bí èèyàn nínú” tàbí tó jẹ́ àrífín ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kí ó san mílíọ̀nù méje náírà. Kí ni kì í bí olóṣèlú nínú? Ní oṣù Kẹta 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ pé abala náà tako ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ó sì ní kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ní oṣù Kejì 2024 wọ́n tún un ṣe: ó kù sí ọ̀rọ̀ ìhòòhò, àti irọ́ tí ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì sọ ọ́ kí ìlú lè dàrú tàbí kí ẹ̀mí èèyàn lè wà nínú ewu.

Ó yẹ kí ìyẹn ti tú ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2024, tí ọlọ́pàá gbé akọ̀ròyìn Daniel Ojukwu ní Èkó. Ó ti kọ ìròyìn nípa mílíọ̀nù 147 náírà tí wọ́n ní kí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ará ilé rẹ̀ kò mọ ibi tó wà. Àtìmọ́lé ọlọ́pàá ní Pántì, ní Èkó, ló wà, wọ́n sì gbé e láti ibẹ̀ lọ sí Àbújá. Ọjọ́ kẹwàá ló jáde. Òfin kan náà ni wọ́n dárúkọ fún un. Ẹ rí i pé ìwé òfin lè yí padà kí ọwọ́ tó ń lò ó má yí padà, torí ẹni tó ń mú èèyàn kò rò pé òun máa ní láti fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀ níwájú adájọ́.

Nígbà mìíràn, wọn kì í fọwọ́ kan ara èèyàn rárá. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ní 2020, báńkì àgbà CBN ti àpò owó àwọn èèyàn 19 àti iléeṣẹ́ kan pa, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ sì fún wọn láṣẹ fún ọjọ́ 90, láìjẹ́ pé àwọn tó ni owó wà níbẹ̀ láti wí tẹnu wọn. Ẹni tí kò lè san owó ilé kò ní ráyè ìwọ́de.

Àwọn ará wa ní Kétu, Pọbẹ̀ àti Sábẹ̀ẹ́, lódìkejì ibodè, ti rí irú rẹ̀ tó yàtọ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá 2019, wọ́n mú akọ̀ròyìn Ignace Sossou ní orílẹ̀-èdè Benin, nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba kan sọ níbi ìpàdé sórí ayélujára. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, kóòtù ní Kútọnu ti rán an lẹ́wọ̀n oṣù 18. Nígbà tó yá, wọ́n dín in kù, ó sì lo oṣù mẹ́fà. Òfin orí ayélujára tiwọn, tó jáde ní 2018, ni wọ́n lò. Ní Nàìjíríà, ìlọ́ra ẹjọ́ ni wọ́n fi ń jẹ èèyàn níyà. Níbẹ̀, ìyára rẹ̀ ni: kí ìròyìn tó tàn káàkiri, kí agbẹjọ́rò tó ka ìwé ẹ̀sùn tán, ilẹ̀kùn ti tì. Ọ̀kan ń fa ẹjọ́ kí ó má parí, èkejì ń sáré kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú méjèèjì, olùjẹ́jọ́ kò rí àyè gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Kí wá ni ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò lè ṣe bí ó bá kàn án, tàbí bí ó bá kan ẹni tó mọ̀? Bí wọ́n bá pe yín sí tẹ́ṣàn, ẹ lọ, àmọ́ ẹ má dá lọ. Ẹ béèrè ìwé ìpè náà, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì kí ẹ tó wọlé. Ẹ má kọ ohunkóhun sílẹ̀ títí agbẹjọ́rò yóò fi dé, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹni tó dúró síta ni iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀ jù: kí ó kọ aago tí wọ́n wọlé, nọ́ńbà ọkọ̀ ọlọ́pàá, orúkọ tó wà lára aṣọ ọlọ́pàá, àti ibi tí wọ́n sọ pé àwọn ń gbé yín lọ bí wọ́n bá ń gbé yín lọ ìlú mìíràn. Ìwé kékeré yẹn ni agbẹjọ́rò máa gbé lọ sí kóòtù. Fún ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò, àjọ Legal Aid Council wà, ọ́fíìsì àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba sì wà ní àwọn ìpínlẹ̀.

Bí wákàtí 24 bá kọjá, ẹ má dúró de ọlọ́pàá. Ìlànà tí adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa gbé jáde ní 2009 jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, kódà bí kì í bá ṣe ẹbí rẹ̀. Abala 35 kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sọ pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìtọ́ yóò gba owó gbà-má-bínú, wọ́n á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. ACJA náà pa á láṣẹ kí Májísíréètì máa ṣe àbẹ̀wò sí àwọn tẹ́ṣàn ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán, kí ó wo ìwé àwọn tó wà ní àtìmọ́lé. Ẹgbẹ́ àdúgbò lè kọ ìwé sí Májísíréètì àgbà ìlú wọn, kí wọ́n béèrè ọjọ́ tó lọ kẹ́yìn. Ìbéèrè tí kò lè mú ẹnikẹ́ni bínú ni, mo sì rò pé a kì í bi í tó.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ti fi òwe yìí bẹ ajàfẹ́tọ̀ọ́ pé kí ó jáwọ́. Ó yẹ kí á máa bi ara wa léèrè ẹni tó kọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Nínú ẹjọ́ gbogbo àwọn tí wọ́n mú, tí mo kà sílẹ̀ yìí, kì í ṣe ajàfẹ́tọ̀ọ́ ló pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Òun ni wọ́n gbé lọ.

Bí ẹjọ́ irú èyí bá sì wà ní kóòtù tó súnmọ́ yín, ẹ lọ jókòó síbẹ̀. Gbangba ni kóòtù, kò sẹ́ni tó nílò ìwé àṣẹ láti wọlé. Mo ti wà nínú kóòtù kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí wọ́n fẹ́ sún ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan síwájú fún ìgbà keje, torí pé ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí kò wá. Àwọn ìyá ọjà ló kún àga lẹ́yìn, bí ogún, pẹ̀lú gèlè lórí. Májísíréètì gbójú sókè, ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó bi wọ́n pé ẹjọ́ ta ni wọ́n wá fún. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó nawọ́ sí ọmọ náà nínú àpótí olùjẹ́jọ́. Májísíréètì yíjú sí agbẹjọ́rò ọlọ́pàá, ó ní kí ó lọ pe ẹni tó ń ṣe ìwádìí náà lórí fóònù, nísinsìnyí, òun ń dúró.